Ọdún tí Bàbá Mi Tún Máṣíìnì Rẹ̀ Ṣe

Ọ̀sán Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni bàbá mi dé sí ilé mi ní Nyanya. Lọ́rì tó kó iṣu láti ìhà Kàbà ló gbé e wá. Ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àpótí onírin kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Kò tíì dá mi lóhùn tó ti kọjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́rì.

"Ẹ rọra o! Ẹ má jẹ́ kí gíláàsì rẹ̀ gbá igi!"

Ìgbà náà ni mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan ló wá. Àárín iṣu ni wọ́n ti fa alùpùpù rẹ̀ jáde. Okùn ni wọ́n fi dì í mọ́ igi méjì. Eruku bò ó, táyà iwájú ti jẹrà, ṣéènì rẹ̀ sì ń fì nílẹ̀ bí ìfun ẹran. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ilé mi, wọ́n gba omi mu, wọ́n bá tiwọn lọ. Bàbá mi dúró tì í, ó gbọ́wọ́ lé e, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kí mi.

"Òkun o, Ìyé," ó ní. "Ṣé dáadáa lo wà?"

Òkun ni wọ́n fi ń kíni lọ́dọ̀ wa. Ìyé ló ń pè mí láti kékeré. Bí àwọn ará ilé wa ṣe ń pe ìyá nìyẹn. Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n bí mi, kò sì fi orúkọ tí wọ́n sọ mí pè mí rí.

Ìyá tèmi náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí. Àwọn ẹbí ní kò bójú mu kí àgbà ọkùnrin máa dá gbé, kó máa dá dáná, pàápàá nígbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá mọ́. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nítòsí. Mò ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n kó wá sí Àbújá ṣáájú àwọn yòókù. Wọ́n fún mi ní yàrá méjì ní Nyanya pẹ̀lú àgbàlá kékeré kan lẹ́yìn ilé. Èkó ni ọkọ mi ṣì wà, iléeṣẹ́ tirẹ̀ kò tíì kó. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí fi di ẹrù bàbá mi, tí wọ́n gbé e sínú lọ́rì.

Máṣíìnì ló ń pe alùpùpù náà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pè é láyé ìgbà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, wọ́n sì ṣe é fún ọ̀nà jíjìn: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, àga rẹ̀ fẹ̀, àpò onírin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì kan sì wà níwájú tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọ lu èèyàn. Wolé-wolé ni bàbá mi. Ìjọba ló fi máṣíìnì náà ṣiṣẹ́ fún un, nígbà tó fẹ̀yìntì wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Orí rẹ̀ ló jókòó sí tó fi lọ gbogbo ìletò wa, tó ń yẹ ìkòkò omi wò, tó ń wo ilé ìgbẹ́, tó ń bá àwọn èèyàn wí. Kó tó dé ìlú ni ìró máṣíìnì rẹ̀ ti ń dé. Àwọn obìnrin á ti yára da omi tó ní ìdin nù, àwọn ọkùnrin á gbé ìgbálẹ̀. Mo máa ń rò lọ́mọdé pé bàbá mi ni ọba gbogbo ọ̀nà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, nígbà tí a ń jẹun, mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi máṣíìnì yìí ṣe níbí?"

"Màá tún un ṣe."

"Tí ẹ bá tún un ṣe tán ńkọ́?"

"Màá gùn ún lọ sílé." Ó gé òkèlè, kò gbé e sẹ́nu. "Wọ́n fi lọ́rì gbé mi wá síbí láàárín iṣu, Ìyé. Wọn ò ní fi lọ́rì gbé mi padà."

Mo rò ó lọ́kàn mi pé máṣíìnì tó ti dúró fún ọdún méje nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ewúrẹ́ ń fi ara ha, kò lè dìde mọ́. Mo ní kó máa fi í ṣeré. Ó sàn ju kó jókòó kó máa ronú ìyá mi lọ.

Àṣé n kò mọ bàbá mi tó.

Ó tẹ́ tapólì kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó kó agolo mílíìkì tó ti ṣófo jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú máṣíìnì náà palẹ̀. Àràárọ̀ ló ń jókòó tì í. Gbogbo ohun tó bá tú ló ń kó sínú agolo tirẹ̀, ó sì ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. "Ohun tí èèyàn bá tú," ó máa ń wí, "kó rántí bó ṣe tú u." Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bọ́ aṣọ ọ́fíìsì, màá wọ́ àpótí ìjókòó kékeré kan, màá sì jókòó tì í. Kẹrosíìnì la fi ń fọ àwọn irin náà. Èmi ni mo ń fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò lára sípóòkù táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìka mi á fi máa tani. Èékánná mi dúdú. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì bi mí pé ṣé mo ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni.

Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Láti kékeré mi, n kò jókòó ti bàbá mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin tó máa ń lọ ni, tó máa ń dé tòun ti eruku, tó máa ń sùn. Ní Nyanya ni mo ti gbọ́ bó ṣe sọ̀nù sínú òjò lẹ́bàá Ìsánlú, àti bí ìyá mi ṣe kọ́kọ́ kọ̀ láti gun ẹ̀yìn máṣíìnì náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn nítorí pé gèlè rẹ̀ á tú. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Ṣùgbọ́n mo ń rí ohun mìíràn pẹ̀lú. Nígbà kan mo bá a tó ń fi sáńpépà ha ibi tó ti dán, tó ń ha á kíkankíkan, ìpẹtà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gẹ́lẹ́ tí kò fọwọ́ kàn án. Mo kàn yí irin náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ha á lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn ó da tíì sí orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó sì ń dà á lọ títí tó fi gbọ́ tó ń kán sílẹ̀.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó wò ó ṣì kéré, ó ṣe sùúrù fún un. Ó tan iná sí i lójú, ó ní kó máa ka lẹ́tà ara ògiri. Bàbá mi ka méjì péré.

"Bàbá," dókítà ní, "ohun tí ojú yín ti pàdánù kò lè padà mọ́. Oògùn tí màá fún yín yìí, bóyá kó bá wa di èyí tó kù mú fúngbà díẹ̀."

"Ìgbà díẹ̀ mélòó?"

"Mi ò lè sọ, Bàbá."

Nínú takisí tó ń gbé wa padà, a gba Kugbo kọjá. Ibẹ̀ ló ti yí orí sí ojú fèrèsé. "Ṣé àwọn káfíńtà wà níbí ni?" ó bi mí.

"Wọ́n wà, Bàbá. Wọ́n to àga sẹ́bàá ọ̀nà."

"Òórùn pákó ni mo gbọ́," ó ní. Ìyẹn nìkan ló sọ nípa ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Nígbà tí a délé, ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì padà sí ìdí máṣíìnì.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò lè dá ṣe, ó sì bẹ̀ mí kí n bá a wá mẹ́káníìkì. Ọkùnrin ará Ìsẹ́yìn kan ni mo rí, tó ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi lójú ọ̀nà, kò jìnnà sí wa. Ọkùnrin kúkúrú tó máa ń rẹ́rìn-ín ni, ó sì ti pẹ́ láàárín àwọn Haúsá tó bẹ́ẹ̀ tí "kai" kò fi í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí máṣíìnì náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó dìde, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Kai! Bàbá, èyí kì í ṣe alùpùpù o. Ẹṣin ni."

Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé lẹ́yìn ìrun ló máa ń wá. Ó bá wa ránṣẹ́ sí Kàdúná fún táyà méjèèjì. Ó tún ihò tánkì epo lẹ̀. Ó fa wáyà iná tuntun láti ìdí bátìrì dé iwájú. Bàbá mi ni ọ̀gá, òun ni ọmọ iṣẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń jẹun, kò ṣe ohunkóhun láì bi bàbá mi léèrè.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe lọ nìyẹn, tí òjò rọ̀, tí òjò náà tún fẹ́ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, mo sì rí máṣíìnì náà tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Táyà méjèèjì ti wọlé. Wọ́n ti kun tánkì ní àwọ̀ dúdú, ó ń dán. Bàbá mi jókòó sórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìdarí, ó kọjú sí ògiri.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Títí di ọjọ́ náà mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà bí ohun tí kò ní parí. Mo wá rí i pé yóò parí, àti pé bàbá mi kò fi mí ṣeré lọ́jọ́ tó sọ pé òun á gùn ún lọ sílé. Ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà Nyanya nígbà náà mọ ohun tí mò ń wí. Típà tó ń kó yanrìn àti òkúta fún àwọn tó ń kọ́ ìlú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀kan gbá ẹlẹ́sẹ̀ kan lójú wa, ọkùnrin tó ríran dáadáa.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kabúrétọ̀ ni, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi ti tú u, ó ti fọ̀ ọ́, ó to ohun inú rẹ̀ sórí ìdérí agolo kan. Láàárín wọn ni idẹ kékeré kan wà tí kò tó ẹ̀wà méjì ní títóbi, ihò abẹ́rẹ́ sì wà láàárín rẹ̀. Ihò yẹn ni epo ń gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí, tó ní láìsí i, máṣíìnì kò lè mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ń wẹ̀, mo mú idẹ náà. Mo fi aṣọ ìnujú wé e, mo jù ú sínú àpò mi, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Mo fi í pamọ́ sínú dúróọ̀ mi lábẹ́ kábọ̀nù ìtẹ̀wé. Gbogbo ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń tẹ̀wé, mò ń sọ fún ara mi pé ẹ̀mí rẹ̀ ni mo gbà là.

Nígbà tí mo délé, orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a. Ó ń fọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀ káàkiri bí ẹni tó ń pa iná.

"Kí ló sọnù, Bàbá?"

"Idẹ inú kabúrétọ̀. Ibí yìí ni mo gbé e sí. Ibí yìí gan-an."

"Bóyá ó jábọ́ sínú iyanrìn."

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo sì kúnlẹ̀ tì í, mo bá a wá a. Ó ní kí n lọ mú asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ gaàrí wá, mo mú un wá, a sẹ́ iyanrìn gbogbo ìdí tapólì náà. Ọjọ́ kejì ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tú gbogbo agolo dà, ó fọwọ́ wá inú wọn, ó dá wọn padà, ó tún tú wọn dà. Ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo dé, kò wá nǹkan kan mọ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eékún, iyanrìn ṣì wà níbẹ̀.

"Ìyé," ó ní, "mo rò pé kì í ṣe ojú nìkan ló ń lọ. Ó jọ pé orí mi náà ń lọ."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan máa ń sọnù."

"Kì í sọnù lọ́wọ́ mi."

Mo wọ ilé ìdáná, mo ṣílẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo pa á dé. N kò wá nǹkan kan níbẹ̀. Mo lè padà jáde kí n sọ òótọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé lọ́la, màá mú idẹ náà wálé, màá jù ú sínú iyanrìn, màá sì ké pé mo rí i. Lọ́jọ́ kẹrin lóòótọ́, ó wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́káníìkì ti dé ṣáájú mi. Ó ti rí irú idẹ náà lára àlòkù alùpùpù kan ní Sùlẹ́jà, ó sì ti ń dì í mọ́ ibi tó yẹ.

"Gbà, ìwọ lo ríran," bàbá mi ń sọ fún un, ó sì ń na agolo kọ̀ọ̀kan sí i. "Gba èyí náà. Má jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi."

Láti ọjọ́ náà kò to nǹkan kan mọ́. Fìlà rẹ̀ tó kọ́ sí ibi tó máa ń kọ́ ọ sí, á bi mí bóyá ibẹ̀ ló wà. Tó bá fẹ́ jókòó, á kọ́kọ́ ní, "Ṣé àga wà níbí?" Ohun tí mo mú lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe idẹ. Mo sì dá idẹ náà padà sínú dúróọ̀ mi ní ọ́fíìsì, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe sí i.

Máṣíìnì náà dìde ní ọjọ́ Àìkú. Mẹ́káníìkì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó húkọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ló gbá, ìró rẹ̀ kún gbogbo àgbàlá, àwọn ará ilé yọjú. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró! Ẹ dákẹ́." Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Epo ti pọ̀ jù. Dín in kù díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó tó."

Mẹ́káníìkì ní òótọ́ ni, ìró náà ti yàtọ̀. Ó gbé bàbá mi sẹ́yìn, wọ́n lọ títí dé Kugbo, wọ́n padà. Àwọn obìnrin Gwárí tó ru igi lé èjìká dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ni. Ó jẹ iyán nírọ̀lẹ́ náà, ó tún bèèrè sí i. Nínú gbogbo ọdún náà, ìrọ̀lẹ́ yẹn nìkan ni mo rántí pé inú ilé wa dùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi àti mẹ́káníìkì gbé máṣíìnì náà lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n lè fún un ní ìwé pé ó tó máa rìn lójú títì. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo bá wọn lọ. Òṣìṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò tẹ bíréèkì, ó tan iná, ó fun fèrè, ó jókòó lé e. Ó ní òun kò rí èyí tó dúró dáadáa tó báyìí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ta ni yóò máa gùn ún?" ó bèèrè.

"Èmi ni," bàbá mi ní.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Mẹ́káníìkì wò mí, mo wo ilẹ̀. Bàbá mi ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sí àpò àyà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni, a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Sátidé ni màá lọ. Bí mo bá jí gbéra, màá dé Abaji kí oòrùn tó mú."

"Ẹ kò lè gùn ún, Bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kò ríran."

"Mo ríran tó. Ọ̀nà tí mo ti ń rìn kí wọ́n tó bí ọ, kí ni mo fẹ́ fojú wá níbẹ̀?"

"Kì í ṣe ọ̀nà yẹn mọ́. Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, wọ́n ti yà á. Tírélà ló kún ibẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ti òkèlè sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ta ló tún máṣíìnì yẹn ṣe? Ṣé afọ́jú ló tún un ṣe? Ọdún kan gbáko ni mo fi tú u tí mo fi tò ó. Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ nù nínú rẹ̀, idẹ kékeré kan. Nítorí ẹyọ kan yẹn lo ṣe ń wò mí bí ẹni tí kò wúlò mọ́."

N kò lè fara dà á. Mo ní, "Ẹ kò sọ ọ́ nù. Èmi ni mo gbé e."

Ó kọjú sí mi.

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo gbé e, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó wà ní ọ́fíìsì mi."

Ó na ọwọ́ sí ọpọ́n omi, ó wá a, ó rí i, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó nu ìka kọ̀ọ̀kan. Mo ti kúnlẹ̀ nígbà yẹn.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rá lórí ilẹ̀," ó ní.

"Ẹ dárí jì mí."

"O sì kúnlẹ̀ tì mí, o bá mi wá a."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O gbé asẹ́ rẹ fún mi."

Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé láì gbá a. Ì bá sàn kó gbá a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí láti inú yàrá. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ ló fi pè mí. Mo kọ́kọ́ rò pé àlejò kan ló wọlé. Ó ní kí n ránṣẹ́ pe mẹ́káníìkì. Nígbà tí ìyẹn dé, ó ní, "Lọ́la, ìwọ ni wàá gbé mi lọ sílé. Màá jókòó sẹ́yìn."

Mẹ́káníìkì ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan."

Mo dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo sè mọ́ínmọ́ín, mo fi ewé wé e, mo kó o sínú àpò onírin ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì. Ó jẹ́ kí n kó o síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá. Ọlọ́run á mú yín délé." Ó fọwọ́ kan orí mi, ọwọ́ náà kò wúwo, kò sì pẹ́ níbẹ̀. "Máa tọ́jú ara rẹ," ó ní. Ó gun ẹ̀yìn, ó di ìbàdí mẹ́káníìkì mú bí ọmọ kékeré ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì lọ. Mo gbọ́ ìró náà títí ó fi dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ọkọ̀ yòókù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mẹ́káníìkì fi bọ́ọ̀sì padà dé. Mo ní kó jókòó, mo fún un ní omi.

"Àǹtí, a délé láyọ̀," ó ní. "Máṣíìnì kò dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan. Abaji la ti sinmi, mo ra kókó, ògì àwọn Haúsá, àti àkàrà, Bàbá mu ún. Gbogbo ìlú tí a bá dé ló ń bi mí pé kí ló wà lápá ọ̀tún, kí ló wà lápá òsì. Tí mo bá sọ fún un, á ní, 'Rárá, igi ìrókò ló yẹ kó wà níbẹ̀.' Kò sí igi kankan níbẹ̀, Àǹtí. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ mi?"

Ó wo inú ife omi náà. "Kò sọ ọ́, Àǹtí."

Ó ní nígbà tí wọ́n wọ ìlú, àwọn àgbààgbà jáde sẹ́nu ọ̀nà nítorí ìró máṣíìnì náà. Obìnrin kan tilẹ̀ ń fi yẹ̀yẹ́ wá ìgbálẹ̀. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn, ó ní kí mẹ́káníìkì ti máṣíìnì náà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì tú bátìrì rẹ̀ kúrò.

Mo lọ wò ó nígbà Kérésìmesì, mo tún lọ nígbà Àjíǹde. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún un. Máṣíìnì náà wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Bàbá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó bèèrè iṣẹ́ mi, ó bèèrè ọkọ mi, ó gbàdúrà fún mi. Ìbéèrè àti àdúrà náà rí bí èyí tí èèyàn ń ṣe fún ọmọ aládùúgbò tó wá kí i. Ní ìgbà kẹta tí mo lọ, ojú rẹ̀ ti lọ pátápátá. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ti idẹ."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. N kò tíì jẹun.

Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án, lórí àga, láìṣàìsàn. Mo gba àyè ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sìnkú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń kọ́ni ní ìletò kejì ni ẹbí fún ní máṣíìnì náà, èmi kò sì bá wọn jà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Bí mo bá fi í sílẹ̀ kó dá gùn ún, bóyá típà ì bá gbá a kó tó dé Kugbo, gbogbo èèyàn ì bá sì bi mí pé ibo ni mo wà. Mo mọ ìyẹn. Mo sì tún mọ̀ pé mo lè jókòó tì í kí n sọ fún un lójú pé kò ní gùn ún, kó bínú sí mi, kó sì ṣì máa to agolo rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Ojú rẹ̀ ni àìsàn gbà. Ìyókù, èmi ni.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn ń wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n ní mo ṣe ọmọ. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa gba bàbá rẹ̀ sílé, tí yóò tún máa bá a tún alùpùpù ṣe. Wọ́n ní bàbá náà sọ ọ́ fún wọn, pé èmi ni mo ha ìpẹtà gbogbo sípóòkù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní ẹ ṣé.